Ọjọ́ Tí Wọ́n Gbé Máìkì Mi Fún Ọkọ Mi

Kí n tó di òǹkọ̀wé, òṣèré ni mí, òṣèré tí kò sọ̀rọ̀ rí. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ fíìmù ní Atlanta níbí ló rí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ojú mi nìkan ti tó òun. Fíìmù aláìlóhùn ló ń ṣe. Mo dúró sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní College Park, mò ń retí ọkọ tí kò ní í dé; ọkọ̀ ojú irin dé, ó ṣófo. Mo fi ojú sunkún, mo fi ojú bínú. Wọ́n fi í han gbogbo ìjọ. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti rí mi báyìí: "Aunty, ẹ fi ojú bá wa sọ̀rọ̀ díẹ̀ ná!"

Ọkọ mi ní tirẹ̀, ìwé ìtàn ló ń kọ, ẹnu kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Kò mọ̀ pé kí n tó wọ shift níbi iṣẹ́, inú mọ́tò ni mo ti ń kọ tèmi.

Nígbà tí ìwé mi jáde, a kó o jáde ní gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Austell. Ojú ìwé kan péré ni mo fẹ́ kà, kí wọ́n lè gbọ́ ohùn mi lẹ́ẹ̀kan. Mo ti kà á fún dígí ilé ìwẹ̀ títí dígí fi mọ̀ ọ́n sórí.

Ó kàn mí. Mo dìde, mo nawọ́. Díákónì tó ń darí ètò gbé máìkì kọjá níwájú mi.

"Ẹ má bínú o. Torí a dé Amẹ́ríkà, a ò ní sọ àṣà nù. Olórí ilé wà níkàlẹ̀! Daddy, ẹ wá gbẹnu sọ fún ìyàwó wa."

Gbọ̀ngán pàtẹ́wọ́. Ọkọ mi dìde bí ẹni tí wọ́n fipá mú, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ẹnikẹ́ni ò lè dá dúró mọ́. Ó sọ bí òun ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkọ. Ó ní, "Ẹni tó bá ń bá alásè gbé, òórùn ọbẹ̀ á wà láṣọ rẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo kọ́ kúkú nìyẹn. Kó tó dákẹ́, àwọn tó háyà gbọ̀ngán tẹ̀lé wa ti ń gbé kéèkì ọjọ́ìbí wọlé.

Èmi ni mo wa mọ́tò lọ sílé, torí ó ti rẹ olùbánisọ̀rọ̀.

"Ìyàwó mi, ó dùn, àbí? O ò tiẹ̀ sọ nǹkan kan."

Níbi tí iná pupa ojú títì ti dá wa dúró, mo yíjú sí i, mo fún un ní ojú fíìmù yẹn, èyí tí mo fi wo ọkọ̀ ojú irin tó ṣófo. Ó wò mí dáadáa. Ó yọ fóònù rẹ̀.

"Jọ̀ọ́, má tíì yí ojú yẹn padà," ó ní. "Mo fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé mi tuntun."