Òkúta Ìjẹ̀ṣà Tí Wọ́n Ń Kó Lọ Dí Òkun

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lójú irin Òṣogbo lónìí, bí ẹ bá gbọ́ pé a ti dá ọkọ̀ òkúta dúró rí, èmi ni mo dá a dúró. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín. Ó ti lé ní ọdún mẹ́fà báyìí, lásìkò òjò àrọ̀kúrò, nígbà tí ilẹ̀ ti mu omi yó tí kò lè gbà mọ́. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà n'Íléṣà kí n tó gba oko kòkó bàbá mi lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá fi òòlù kan irin lẹ́ẹ̀kan péré, mo ti mọ̀ bóyá ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ le tàbí ó ti rọ̀. Nínú gbogbo ikọ̀ wa tó ń tún ojú irin ṣe, kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n.

Ebè ńlá kan wà tí àwọn àgbà mọ jọ kí irin lè gba ẹ̀gbẹ́ odò kọjá lẹ́yìn Òṣogbo. Ọdọọdún ni odò ń bu ebè náà jẹ. Bí ó bá wó, ọkọ̀ ò ní kọjá mọ́, iṣẹ́ wa sì parí nìyẹn. A kọ̀wé títí, ọ̀gá wa ní kò sí òkúta. Kò sí òkúta kẹ̀! Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó òkúta láti ibi ìfọ́kúta kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wá sí Òṣogbo. Wọ́n á dà á sínú wágọ̀nù, ọkọ̀ ojú irin á wọ́ ọ gba orí ebè wa kọjá, ó di etí òkun, nítorí pé òkun ń jẹ ojú irin tuntun tí ìjọba tẹ́ síbẹ̀. Òkúta ilẹ̀ bàbá mi ni wọ́n ń kó lọ dí òkun, a sì ń juwọ́ sí i.

Mo jowú àwọn ará etí òkun yẹn, mi ò ní fi pamọ́. Irin tiwọn ń dán, tiwa ti di ogún bàbá ńlá. Òkun ń hó lórí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ayé ń ṣe yéè. Ta ni yóò wá wo odò kékeré tó ń fi sùúrù jẹ ilẹ̀? Bí arẹwà bá fẹsẹ̀ rọ́, gbogbo àdúgbò ní í yọjú kí i.

Mo tún jowú ẹnì kan tó sún mọ́ mi ju ìyẹn lọ: Làmídì, akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa, ojúgbà mi, ọmọ bíbí Òṣogbo. Bàbá rẹ̀ ń rán agbádá, òun náà sì mọ bí wọ́n ṣe ń rán ọ̀rọ̀ pọ̀. Ó gbọ́ òyìnbó. Bí ó bá dìde sọ̀rọ̀, kódà àwọn tó ti sùn á jí.

Nípàdé, Làmídì ní ká tún kọ ìwé kan sí i.

Mo ní, "Làmídì, ṣé ìwé rẹ la máa fi dí ihò ebè ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa, Òṣómàáló. Kí ni ìwọ fẹ́ fi dí i?"

Mo ní, "Àsíá."

Òfin kan wà tí a bá lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá ri àsíá pupa mọ́ àárín irin, òun nìkan ló gbọ́dọ̀ fà á yọ. Ọ̀gá ò gbọ́dọ̀ fà á yọ, ọ̀rẹ́ ò sì gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́, torí ẹni tó rì í nìkan ló mọ ewu tó rí níwájú. Awakọ̀ kankan ò jẹ́ kọjá á.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́, mo lọ ri àsíá mi síwájú ebè. Ọkọ̀ òkúta dé, wágọ̀nù mẹ́ẹ̀dógún ló wọ́ tẹ̀lé e. Awakọ̀ fọn fèrè títí ó fi sú u, ó dúró. Gbogbo wa jókòó sórí irin. Nígbà tó di ọ̀sán, ọ̀gá fi mọ́tò dé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin yìí gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ igi kọjá! Ọ̀dọ̀ Làmídì ló lọ, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Kò pẹ́, Làmídì sáré dé. "Wọ́n ti gbà o! Wágọ̀nù mẹ́wàá ni tiwa! Kí ọkọ̀ sún dé ẹnu ebè, ká máa da òkúta sílẹ̀."

Àwọn ènìyàn gbé e sókè léjìká. "Làmídì ló ṣe é! Làmídì ló ṣe é!" Èmi tí mo ri àsíá, ẹnìkan ò wo ibi tí mo wà. Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Lọ́jọ́ náà, egungun nìkan ló kù láyà tèmi.

Làmídì sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. "Ọ̀rẹ́ mi, fa àsíá rẹ yọ."

"Ta ló ní kí n fà á?"

"Ọ̀gá ni."

"Ọ̀gá tó rí mi tí kò kí mi? Kó wá bẹ̀ mí fúnra rẹ̀."

Mo sì lóṣòó ti àsíá mi. Ẹ mọ̀ bí àwọn bàbá wa Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ ṣe ń ṣe láyé àtijọ́. Bí oníbàárà bá ń fi wọ́n ṣeré, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọn ò ní dìde àfi bí wọ́n bá gba ẹ̀tọ́ wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wá ní Òṣómàáló.

Làmídì tẹjú mọ́ mi. Ó ní, "Àwọn bàbá yín a máa dìde bí wọ́n bá ti gba tiwọn. A ti gba tiwa. Dìde!"

"Ìwọ lo gbà. Èmi ò tí ì gba nǹkan kan."

Ọ̀gá fara ti mọ́tò rẹ̀, kò wá. Èmi náà ò dìde. Àwọn kan bẹ̀ mí, àwọn kan bú mi, a sì wà níbẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Fóònù ọ̀gá wá dún. Àwọn tó jù ú lọ ti gbọ́ pé ọkọ̀ ṣì dúró sójú ọ̀nà. Mo rí i tó ń tẹríba fún fóònù bí ẹni tí wọ́n ń nà.

Làmídì tún wá, ṣùgbọ́n kò sáré lọ́tẹ̀ yìí. "Ó ti di méjì," ló wí. "Wọ́n ní méjì péré, kí ìyókù máa lọ kíá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọlọ́pàá ń bọ̀."

Kò bú mi. Ì bá bú mi ì bá sàn. Mo fa àsíá náà yọ. A da wágọ̀nù méjì sílẹ̀, mẹ́tàlá sì rọra gba orí ebè kọjá lójú wa.

Lẹ́yìn ọdún méjì, mo wọkọ̀ lọ sí etí òkun náà láti lọ wo òkúta wa. Bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ lójú irin níbẹ̀ ni mo bá. Mo sọ fún un pé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni mo ti wá.

Ó ní, "Háà, òkúta yín dáa o! Òkun ti gbé e mì. Ẹ bá wa kó òmíràn wá."

Inú bí mi. Ṣùgbọ́n mo wo iwájú, mo rí irin tó so rọ̀ lófuurufú, tí omi ti wọ́ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ. Mo wo ẹsẹ̀ bàbá náà, ó ti bó nínú omi iyọ̀ bíi kókò tí wọ́n sè. Mi ò lè jowú rẹ̀ mọ́. Mo fún un ní obì tí mo mú lọ́wọ́, a jọ jẹ ẹ́.

Wágọ̀nù méjì la jèrè. Ọwọ́ ara mi ni mo fi to òkúta rẹ̀, ibẹ̀ ò sì tí ì yẹ̀ dòní. Kò sí ẹni tó lè to òkúta bíi tèmi. Ṣùgbọ́n ibi tí mẹ́jọ yòókù ì bá dé, odò ti wọ̀ ọ́. Bí ọkọ̀ bá dé ibẹ̀ nísinsìnyí, ó ń rọra débi pé ẹlẹ́sẹ̀ lè bá a rìn. Mo ní èmi ni mo dá ọkọ̀ dúró, òótọ́ ni. Ẹni tó gba wágọ̀nù mẹ́wàá fún wa ni Làmídì, ẹni tó sọ ọ́ di méjì ni èmi. Mi ò tí ì sọ ọ́ fún un lójú rí.

Lóṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ pè wá jọ láti yan ẹni tí yóò lọ bá ìjọba sọ̀rọ̀ ebè náà. Wọ́n pe orúkọ mi, wọ́n pe ti Làmídì. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ Làmídì nawọ́. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ lọ sókè, ó sì ń dùn mí lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.