Ológbò Àpìkẹ́ Nínú Yàrá Mùtàlíbù

Ológbò tí Àpìkẹ́ wá káàkiri Òṣogbo lọ́dún tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í ṣe ológbò ìta. Inú ilé ló ń jẹ, inú ilé ló ń sùn, kì í kọjá ẹnu ọ̀nà. Sànúsí ọkọ rẹ̀, télọ̀ tó ń fọwọ́ ṣe iṣẹ́ ọrùn agbádá, ló rà á nítorí eku tó ń jẹ aṣọ oníbàárà. Sànúsí kú, ẹbí rẹ̀ kó máṣíìnì, wọ́n kó kẹ̀kẹ́, wọ́n kó bàtà òkú tó ti jẹ ní gìgísẹ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ti pín igbá náà pẹ̀lú. Ológbò nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Àpìkẹ́ kò bímọ. Òun ló ń bá sọ̀rọ̀ nílé.

Nígbà tó ṣe opó tán, ẹbí ní kó yan ọ̀kan nínú àwọn àbúrò ọkọ. Mùtàlíbù ni wọ́n ní lọ́kàn, akọ̀wé réluwé tó máa ń họ etí nídìí oúnjẹ. Àpìkẹ́ ní òun ò yan ẹnikẹ́ni, òun á dá gbé. Kò pẹ́ sígbà náà, ó ti ọjà dé, kò bá ológbò nílé.

Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wo àjà, ó bọ́ sí títì, ó ń pè é, "Músù, músù." Ó bẹ̀rẹ̀ wo inú gọ́tà tí ìdin ń rìn lẹ́bàá rẹ̀. Ó gun orí ààtàn, nǹkan jíjẹrà kan lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn ilé ẹlẹ́mu, àwọn ọkùnrin kan ń se ẹran. Ó bi wọ́n léèrè, ọ̀kan ṣí ìkòkò fún un.

"Ìyá, ẹ wò ó dáadáa, bóyá ẹ ó mọ orí ẹ̀."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ehoro ni, ṣùgbọ́n Àpìkẹ́ ti bì sára ògiri kó tó mọ̀.

Julianah, ará Ìwàrà tó ń gbé ilé kejì, ló là á lójú. "Mo rí àbúrò ọkọ yín tó gbé àpò sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Àpò náà ń mira. Mo ṣe bí ogún tó kù ni wọ́n wá kó."

"Ogún tó ń mira," ni Àpìkẹ́ wí, ó tutọ́ sílẹ̀. Inú àpò ni wọ́n máa ń gbé ológbò sí, kó má baà mọ ọ̀nà padà.

Ó bá Mùtàlíbù níwájú ilé rẹ̀ ní Alekúwodò, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń ta eyín. Ìyàwó kì í pe orúkọ àbúrò ọkọ. Akọ̀wé ni Àpìkẹ́ ń pè é.

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ológbò mi."

"Ó wà ní yàrá mi, ìyàwó. Mo so ó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Wọlé lọ mú un."

Àpìkẹ́ gbọ́ igbe rẹ̀ láti inú, ó gbé ẹsẹ̀. Ìgbà náà ló rí àgbà ẹbí méjì lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń wò ó. Ó sì yé e. Nínú ẹbí wọn, opó tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ yàrá àbúrò ọkọ ti yàn án nìyẹn, kò sẹ́ni tó tún ń bi í bóyá ó gbà. Àwọn ẹlẹ́rìí sì ti jókòó.

"Ẹ bá mi mú un jáde."

"Ọwọ́ mi ò tó o." Ó rẹ́rìn-ín, ìrẹsì wà láàárín eyín rẹ̀. "Kí lò ń bẹ̀rù nínú yàrá?"

Ó rí Àpìkẹ́ lára ju gọ́tà àti ààtàn lọ. Àgbà méjì, irùngbọ̀n funfun, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, wọ́n ń fi ológbò dẹ pàkúté fún opó. Ẹranko náà tún ké, ó ti mọ ohùn rẹ̀. Omi lé sí i lójú, ó fi gèlè nù ún.

"Mùtàlíbù," ó pe orúkọ rẹ̀ gan-an, àwọn àgbà méjèèjì gbé orí sókè. "Ogún rẹ ló wà nínú yàrá yẹn. Máa jẹ ẹ́. Èmi ń lọ sílé mi."

Ó yí padà. Igbe ológbò ń bá a bọ̀ títí ó fi kọjá ilé kẹta, kò sì wẹ̀yìn.