Ọwọ́ Tí Sùlé Nà Sí Mi

Ó ku bí ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó fa àsíá òyìnbó wálẹ̀ nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ní ilé ìwòsàn kan lẹ́bàá Ìfọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń fi ẹ̀rọ wo ọkàn aláìsàn lónìí, tí ẹ ń rí i bó ṣe ń ṣí tó sì ń pa dé lójú gíláàsì bíi ti tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀yin ni mo ń kọ ọ́ sí. Nígbà tiwa, a kì í rí ọkàn. Ẹ̀rọ kan la ní, tó máa ń fi yíǹkì fa ìlà sórí bébà bí ọkàn bá ṣe ń lù. A ó rẹ aṣọ sínú omi iyọ̀, a ó fi sábẹ́ irin pẹlẹbẹ, a ó fi rọ́bà de irin náà mọ́ ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì, a ó pa fáànù, a ó ní kí aláìsàn má mira. Dókítà ló ń ka ìlà. Àwa la ń fà á.

Mo pẹ́ kí n tó wọ iléèwé. Oko ni mo ń bá bàbá mi ro ní Mówè títí irùngbọ̀n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ hù mí. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n fi oṣù mẹ́sàn-án kọ́ mi níṣẹ́ ẹ̀rọ yìí, n kò fi ṣeré. Síbẹ̀, nínú ìwé ilé ìwòsàn, “lébírà” ni wọ́n kọ síwájú orúkọ mi, àti ti àwọn mẹ́fà yòókù tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Lébírà kò ní ìgbéga. Wọ́n lè ní kó má wá mọ́ lọ́la. A kọ lẹ́tà títí ó fi sú wa. Níkẹyìn, dókítà àgbà, òyìnbó ni, pè wá sí ọ́fíìsì rẹ̀.

Ó ní, “Wáyà lẹ̀ ń so mọ́ ọwọ́ ènìyàn. Ẹni tó bá lè so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ lè ṣe é.”

Bùràímọ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, dá a lóhùn jẹ́jẹ́. “Ó dáa, sà. Ẹ lọ pe àwọn tó ń so ewúrẹ́ wá.”

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, a daṣẹ́ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, abẹ́ igi máńgòrò tó kọjú sí géètì la wà nígbà tí Sùlé dé. Ọmọ Ìbafọ̀ ni, ó ti tó ẹni ogójì ọdún, ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ti ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ wá ṣàyẹ̀wò ara, èmi ni mo sì fa ìlà ọkàn rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Dókítà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló ka ìlà náà. Ó kọ ọ́ síwèé pé ọkàn Sùlé ti bàjẹ́, kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo mọ́. Bí wọ́n ṣe ní kó máa lọ sílé nìyẹn.

Ó kí wa, ó ní, “Mo gbé igi lánàá láti fi dán an wò. Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹ bá mi tún un wò.”

Bùràímọ̀ ní, “Bọ̀dá, a ti daṣẹ́ sílẹ̀.”

“Mo rí i. Ọkàn tèmi ni kò tíì daṣẹ́ sílẹ̀.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó wá na ìwé dókítà sí mi. “Ẹ gbà á. Ọwọ́ ọ̀tún ni lónìí. Ẹ tún foríjì mí nítorí ti ọjọ́sí. Òní, mo ti de bẹ́líìtì mi.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Wáyà ọwọ́ ọ̀tún àti ti òsì kò gbọdọ̀ pààrọ̀ àyè. Àmì wà lára wọn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ ti jẹ ẹ́ dànù. A kò béèrè òmíràn, nítorí a ti ní ọgbọ́n tiwa: kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò na ọwọ́ òsì sí ènìyàn. Ọwọ́ tí aláìsàn bá kọ́kọ́ nà, ọ̀tún ni. Wáyà tó gùn jù nínú méjèèjì la ń dè mọ́ ọn, a kì í tún wò ó bóyá ọ̀tún ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sùlé, mo ti ní kó tú bẹ́líìtì onírin rẹ̀. Ṣòkòtò rẹ̀ fẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi dì í mú, ó na òsì sí mi, ó sì tọrọ gáfárà. Mo ní kò burú. Mo dè é.

Mo fa Bùràímọ̀ sẹ́yìn igi, mo sọ fún un.

Ó ní, “Ta ló tún mọ̀?”

“Ìwọ nìkan.”

“Jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀ títí a ó fi wọlé. Ẹni tó bá ta ara rẹ̀ lọ́pọ̀, a kì í rà á lọ́wọ̀n-ọ́n. Òyìnbó yóò ní, ‘Ẹ wò wọ́n, wọn kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.’”

Mo ní, “Ẹni tó ń so ewúrẹ́ kò ní mọ̀ pé òun ṣì í so. Èmi mọ̀. Ìyẹn ni iṣẹ́ tí a ní a mọ̀.”

“Bó bá lé gbogbo wa ńkọ́?”

“Wọ́n ti lé Sùlé ná.”

Ó pe àwọn yòókù, ó ní kí n tún un sọ lójú gbogbo wọn. N kì í ṣe ẹni tí í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ tán. A dìbò bóyá kí n wọlé lọ tún àyẹ̀wò náà ṣe. Mẹ́rin ní kí n lọ, mẹ́ta ní kí n má lọ. Bùràímọ̀ wà nínú àwọn mẹ́ta náà. Òun ló sì kọ lẹ́tà pé ẹgbẹ́ yọ̀ǹda mi fún àyẹ̀wò kan ṣoṣo, pé ìdaṣẹ́sílẹ̀ kò tíì parí. Òun ló bá èmi àti Sùlé mú un wọlé.

Dókítà àgbà dúró tì wá. Mo ní kí Sùlé dùbúlẹ̀. Mo kọ́kọ́ dè é bí mo ti dè é lọ́jọ́sí. Ìlà àkọ́kọ́ jáde, ó dorí kodò. Mo tú wáyà ọwọ́ méjèèjì, mo pààrọ̀ wọn, mo tún un fà. Ìlà náà nà ró, ó mọ́ tónítóní.

Dókítà gbé bébà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó kọjú sí wa.

“Ta ló so ó lódì?”

“Èmi ni, sà.”

“Ta ló rí i?”

“Èmi náà ni.”

Bùràímọ̀ ní, “Ẹ béèrè lọ́wọ́ lébírà kan bóyá yóò rí i, sà.”

Sùlé gbórí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. “Ṣé mo lè mira báyìí?”

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n pè wá wọlé. Wọ́n pa “lébírà” rẹ́ kúrò níwájú orúkọ wa, wọ́n kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ tí a kọ́ níṣẹ́ ni wá. Wọ́n ra wáyà tuntun. Gbogbo ẹni tó dé lẹ́yìn wa ló jẹ nínú àǹfààní náà, mo sì tún lè tìtorí rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ máńgòrò yẹn lónìí.

Ṣùgbọ́n wọ́n gbé iṣẹ́ Bùràímọ̀ lọ sílé ìwòsàn mìíràn tó jìnnà kí ọdún tó yí. Wọ́n kọ àṣìṣe mi sínú fáìlì mi, ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́ sì di ọ̀gá mi fún ìgbà pípẹ́. Ìyàwó mi, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, bi mí lẹ́ẹ̀kan bóyá ó dùn mí. Mo ní ó dùn mí. Kò tún bi mí mọ́.

Ti Sùlé ló burú jù. Ìwé tuntun dé ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó padà sóko ní Ìbafọ̀. Kò sì lè jẹ́ pé òun nìkan ṣoṣo ni aláìsàn tí yóò ti fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò tàbí ìró mú níwájú wa. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n yẹ àwọn bébà àtijọ́ wò. Wọn kò gbà. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ tìtorí ìyẹn jà. A ti gba ohun tí a ń wá, a dákẹ́. Èmi náà dákẹ́.

Sùlé kú lọ́dún tó kọjá, ó ti rí ọmọ ọmọ rẹ̀. Mo lọ sí àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó wá béèrè ohun tí mo jẹ́ sí bàbá òun.

Mo ní, “Èmi ni mo sọ ọ́ di aláìsàn tí kì í ṣe.”

Ó wò mí títí. Ó ní, “Bàbá mi, wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ yín.” Ó gbé àga fún mi. N kò bi í pé kí ni wọ́n ń sọ.