Bámiṣẹ́ Onírédíò àti Ohùn Tó Ń Rìn

Ẹni tó bá ní òun jẹ́ ọmọ Èrúwà, tí kò mọ̀ nípa ọjọ́ tí ìwàásù Pásítọ̀ Ọláníyì pín sí méjì, ẹ bá mi bi í ibi tó lọ. Bámiṣẹ́ onírédíò ló fà á, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Oyinadé, Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Ó rí i lórí fóònù bí àwọn òyìnbó kan ṣe ń to àpótí pọ̀, tí wọ́n ń fi wáyà so wọ́n mọ́ra, tí orin ń ti ibẹ̀ jáde láìsí dùùrù, láìsí fèrè. Òun náà bá ṣa òkú rédíò jọ, ó kan tirẹ̀. Síńtì ló ń pè é. Àpótí kan ń dá ohùn sílẹ̀. Òmíràn ń mú ohùn méjì wọra wọn. Bí ọ̀kan ṣe ń lọlẹ̀ ni èkejì ń gòkè. Èyí tó fẹ́ràn jù ni èyí tó ń mú ohùn rìn láti sípíkà apá òsì lọ sí tọ̀tún, tí á tún mú un padà.

Ní Sọ́ńdè àwọn tọkọtaya, ó ki máìkì Pásítọ̀ bọ inú àpótí arìnrìn yìí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ọkùnrin ń jókòó lápá ọ̀tún, obìnrin lápá òsì. Jẹnẹrétọ̀ sì ń bú lẹ́yìn ògiri. Nígbà tí Pásítọ̀ ní kí àwọn ọkọ máa bá ìyàwó fọ aṣọ, ohùn wà lọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Kó tó di pé ó ní kí àwọn ìyàwó má gbó ọkọ lẹ́nu, ohùn ti rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin. Kálukú gba òfin tí wọ́n ṣe fún ẹnì kejì délé, kò sẹ́ni tó gbọ́ tirẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kò sí ilé tó rójú nínú ìjọ.

Àwọn alàgbà pe Bámiṣẹ́. "Bàbá Oyinadé, ẹ̀rọ yín ló fa gbogbo èyí."

"Ẹ̀rọ mi kọ́ o. Ohùn ń rìn. Ta ló ní kí ẹ̀yin jókòó sójú kan?"

Bó ṣe rí nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ kò sọ "mo jẹ̀bi" rí. Ó tún rédíò Rùkáyyàh aláṣọ ṣe nígbà kan, Rùkáyyàh gbé e padà wá tìbínútìbínú.

"Bàbá Oyinadé, àfi tí mo bá dorí ẹ̀ kodò kó tó sọ̀rọ̀!"

"O ò wá dúpẹ́? Rédíò mélòó lo mọ̀ tó lè sọ̀rọ̀ nídorí kodò?"

Ẹ̀rín ni Rùkáyyàh rín délé.

Ẹnì kan ṣoṣo ni Bámiṣẹ́ kì í bá jiyàn: Salome ìyàwó rẹ̀, olórí kọ́áyà. Bí ẹnì kan bá ṣi ohùn kọ láàárín ogunlọ́gọ̀, Salome á na ìka sí i. Bí Bámiṣẹ́ bá kan nǹkan tán, á ní, "Màmá Oyinadé, wá fetí bá mi gbọ́ ọ." Ohun tí Salome bá sọ, abẹ́ gé e.

Àwọn alàgbà wá pàṣẹ pé kó tó di Ìkórè, kó tún ẹ̀rọ náà ṣe kí ohùn máa rìn láìsọnù fún ẹnikẹ́ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó kó o kúrò, kó má sì fọwọ́ kan sípíkà ìjọ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ibà tó dá Salome gúnlẹ̀ lójò tó kọjá ti mú etí òsì rẹ̀ lọ. Salome kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí ṣọ́ọ̀ṣì bá gbọ́ pé etí kan ló kù fún olórí kọ́áyà, wọ́n á gba kọ́áyà lọ́wọ́ rẹ̀, orin yẹn sì ni ayé rẹ̀.

Bámiṣẹ́ gbé sípíkà kan sẹ́bàá fèrèsé, ó gbé ọ̀kan sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó fi Salome sáàárín, ó tan ẹ̀rọ.

"Báwo ni?"

"Ti ẹ̀bá fèrèsé dáa. Tó bá ti dé ẹ̀bá ilẹ̀kùn, ṣe ló ń rì."

Bámiṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ ketekete, àmọ́ ta ni yóò bá etí Salome jiyàn? Ó tú wáyà, ó fi lẹ́ẹ̀dì jó o padà. Ó ṣì ń rì. Ó so wáyà òsì mọ́ ọ̀tún. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn náà ni. Ó pààrọ̀ sípíkà. Ilẹ̀kùn náà ni. Salome ì bá ní ó ti dáa, àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ náà bàjẹ́ lóòótọ́ ńkọ́?

"Mo ti mọ̀ ọ́n!" Bámiṣẹ́ figbe ta. "Ilẹ̀kùn yìí ló ń mu ohùn!"

Ló bá yọ ilẹ̀kùn, ó gbé e lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Kò pẹ́ tí ewúrẹ́ Búrẹ́mọ̀ ará ilé kejì wọlé, ó ki ẹnu bọ gàrí. Salome lé e jáde, ó yí àga padà, ó kọjú sí igun tí gàrí wà kó lè máa ṣọ́ ọ.

"Ó yá, báyìí ńkọ́?"

"Háà, ti ẹ̀bá ilẹ̀kùn ti dáa! Ti ẹ̀bá fèrèsé ló wá ń rì."

Bámiṣẹ́ wo sípíkà, ó wo àga tó yí padà, ó wá wo ìyàwó rẹ̀ títí. Salome náà ti gbọ́ ohun tó tẹnu ara rẹ̀ jáde. Ó tẹrí ba. Bámiṣẹ́ pa ẹ̀rọ, ó wá jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀.

"Látìgbà wo?"

"Látìgbà ibà yẹn." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Oyinadé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba kọ́áyà lọ́wọ́ mi."

"Ta ló fẹ́ sọ fún wọn?" Ó dìde, ó lọ gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ wọlé.

Lọ́jọ́ Ìkórè, ohùn rìn yí ṣọ́ọ̀ṣì ká wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò rì níbì kankan, torí Bámiṣẹ́ ti ṣe é kí díẹ̀ máa ṣẹ́ kù níbi tó bá ti kúrò. Ńṣe ni àwọn èèyàn ń yírùn tẹ̀ lé e. Àmọ́ Alàgbà Adétóyìn kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

"Bàbá Oyinadé, kí ló fi pẹ́ tó báyìí? Ṣebí Salome tí etí rẹ̀ mú wà nílé yín?"

Nínú kọ́áyà, Salome ń wo ọkọ rẹ̀. Bámiṣẹ́ dìde.

"Mo jẹ̀bi. Èmi ni mo so wáyà lódì. Ìyàwó mi sọ fún mi, mi ò gbọ́."

Ìjọ figbe bọnu. Pásítọ̀ ní kó wá tún un sọ sínú máìkì, torí àwọn kan kò gba etí ara wọn gbọ́. Bámiṣẹ́ lọ, ó tún un sọ.

Bámiṣẹ́ ti lọ sinmi. Títí di òní, "Ìkórè tí Bàbá Oyinadé jẹ̀bi" ni wọ́n ń pe ọjọ́ yẹn, ẹ̀rín ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́. Salome ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa kọ́áyà lé àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́, kò sì fi ọ̀rọ̀ etí pamọ́ mọ́. Bí àlejò bá dá àpárá Ìkórè yẹn, á bá wọn rẹ́rìn-ín títí, á wá nu ojú rẹ̀.

"Irọ́ kan ṣoṣo tí ọkọ mi pa nílé Ọlọ́run nìyẹn," ni á wí. "Bí Ọlọ́run bá fẹ́ bi í léèrè, kó dúró dè mí, àwa méjèèjì la jọ máa jẹ́jọ́ ẹ̀."