Afẹ́fẹ́ Ò Mọ Dárẹ́kítọ̀

Titus Ọbayẹmí ti bá ọ̀pọ̀ nǹkan jà láyé yìí. Ó ti bá onílé jà ní Jikwoyi. Ó ti bá àwọn tó ń mú iná lọ jà. Ó ń bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Nyanya jà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, títí irun iwájú orí rẹ̀ fi kó ẹrù tó sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn ọ̀tá wọ̀nyí, kò sí èyí tó yọ ọ́ lẹ́nu tó afẹ́fẹ́. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ tó ń ṣí páànù ilé o. Gbogbo ayé nìyẹn ń bá jà. Àdáni ni ti Titus. Orí pápá gọ́ọ̀fù ló ń gbé. Á dákẹ́ jẹ́ẹ́ sẹ́yìn igi máńgòrò bí ẹni tó ń gbààwẹ̀, kò ní mí fìn-ín, àfi ìgbà tí Titus bá gbé igi gọ́ọ̀fù sókè tán. Ìgbà náà ni yóò jáde síta tìyàwó tọmọ.

Ọmọ Okun ni Titus, láti apá ìwọ̀-oòrùn Kogi. Igbákejì dárẹ́kítọ̀ ni ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan tí mi ò ní dárúkọ, kí wọ́n má baà pe ìpàdé lé mi lórí. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Àbújá, kò mọ̀ ju bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí pé orí pápá gọ́ọ̀fù ni wọ́n ti ń parí ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé; lọ́jọ́ Ajé, àwọn tó kù á wá gbọ́ ọ nínú ìpàdé, wọ́n á sì máa mi orí bí ẹni pé wọ́n wà níbẹ̀. Ni òun náà bá gbé àpò igi kọ́ èjìká.

Fún ẹni tí kò bá mọ gọ́ọ̀fù: nọ́mbà ló wà lára àwọn igi onírin tí wọ́n fi ń gbá a. Bí nọ́mbà bá ṣe kéré tó ni bọ́ọ̀lù ń jìnnà tó. Márùn-ún ń lọ jìnnà ju méje lọ, méje ń lọ jìnnà ju mẹ́sàn-án lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ń bọ̀ wá pàdé èèyàn, nọ́mbà tó kéré sí i ló yẹ kó mú, kó sì rọra gbá a. Ibi “rọra” yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá fi ìbínú gbá bọ́ọ̀lù wọ inú afẹ́fẹ́, ṣe ni bọ́ọ̀lù yóò máa yí bírí-bírí, á gòkè lọ kí àwọn áńgẹ́lì, á sì já lulẹ̀ nítòsí ibi tó ti gbéra. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ẹ̀yìn wá, á gbé e kọjá, kò sì ní fẹ́ dúró níbi tó bá bà sí. Bó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, èèyàn á kọjú sí ibi tó ti ń bọ̀ díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè fa bọ́ọ̀lù padà sójú ọ̀nà.

Titus mọ gbogbo èyí. Inú bọ́ọ̀sì ló ti kọ́ ọ lórí fóònù, láti Jikwoyi títí dé Sẹkitéríàtì, fídíò lórí fídíò, títí àwọn tó ń jókòó tì í náà fi di ọ̀jọ̀gbọ́n gọ́ọ̀fù. Ó mọ̀ pé koríko tí wọ́n ń já sọ sókè, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ nìkan ló ń júwe. Pé téńté orí igi máńgòrò ló yẹ kí èèyàn wò, àti àsíá tó wà nídìí ihò tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù sí lọ́hùn-ún.

Kí ló wá kù? Ohun tó kù ni pé ní iléeṣẹ́ wọn, afẹ́fẹ́ kọ́ ló ń sọ igi tí èèyàn máa mú. Ipò ni.

Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni kì í fa igi yọ kí Dárẹ́kítọ̀ tó fa tirẹ̀ yọ, nọ́mbà tí Dárẹ́kítọ̀ bá sì mú ni nọ́mbà iléeṣẹ́. Bó o bá mú nọ́mbà tó kéré sí tirẹ̀, tí bọ́ọ̀lù rẹ sì débẹ̀, o ti fi hàn pé ọ̀gá kò mọ ìṣirò. Bó o bá mú èyí tó tóbi ju tirẹ̀ lọ, tí bọ́ọ̀lù rẹ sì débẹ̀, o ti fi hàn pé o lágbára jù ú lọ. Èyíkéyìí tó o bá ṣe nínú méjèèjì, ìwé tí yóò gbé ọ lọ sí Abaji láti lọ máa ka ebè iṣu ti wà lórí tábìlì.

Fúnṣọ́ ni orúkọ Dárẹ́kítọ̀ náà, ọmọ Ìjẹ̀bú, èèyàn jẹ́jẹ́ títí tó fi máa fọwọ́ kan igi. Nọ́mbà méje ló fẹ́ràn. Òjò ń bọ̀, méje. Oòrùn mú, méje. Bí ihò bá wà ní Orozo tí wọ́n sì dúró sí Jikwoyi, méje náà ni.

Lọ́dọọdún ni àwọn iléeṣẹ́ ìjọba máa ń bá ara wọn díje, iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á mú èèyàn mẹ́rin. Ó ti pẹ́ tí Titus ti ń ṣe ẹni ìpamọ́. Ẹni ìpamọ́ ni ẹni tó ń bá àwọn mẹ́rin gbé ike omi. Nígbà tí ọdún 2017 wọlé, gbogbo rẹ̀ sú u, ó sì búra níwájú Felicia ìyàwó rẹ̀.

“Ìyá Hadassah, bí mi ò bá wọ inú àwọn mẹ́rin yẹn lọ́dún yìí, mi ò ní fọwọ́ kan igi gọ́ọ̀fù mọ́ láyé mi.”

“Bàbá Hadassah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró kí n pe àwọn aládùúgbò wá gbọ́.”

“Mi ò ṣeré o.”

“Ta lẹ tiẹ̀ ní ó máa ń ba tiyín jẹ́?”

“Afẹ́fẹ́.”

“Ẹ bá mi kí i.”

Ó dun Titus wọra. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó dìde láàárín ìjọ, ó ní kí wọ́n bá òun gbàdúrà, afẹ́fẹ́ kan ń ta ko òun. Ìjọ bú sí àdúrà. Wọ́n de afẹ́fẹ́ náà lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, wọ́n lé e lọ sínú aginjù. Inú aginjù náà ló ti pàdé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọyẹ́ dé sí Àbújá.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn ní Sátidé tí wọ́n fẹ́ mú ẹni kẹrin. Wọ́n ti yan àwọn mẹ́ta. Àwọn tó ń du àyè kan tó kù ni Dárẹ́kítọ̀ fúnra rẹ̀, Titus, àti Mùbárákù ará ẹ̀ka ìṣirò owó. Ọyẹ́ ń fẹ́ bí òṣìṣẹ́ tó ń wá ìgbéga. Eruku bo gbogbo òkè. Màmúdù, tó ń bá wọn gbé àpò, ń yìn wọ́n lọ ní tirẹ̀, nítorí pé Màmúdù kò tíì rí bọ́ọ̀lù tí kò dára rí. Bí bọ́ọ̀lù rẹ bá wọ igbó, á ní igbó náà ló sún mọ́tòsí.

Kí wọ́n tó dé ihò tó kẹ́yìn, bọ́ọ̀lù ti tán nínú àpò Mùbárákù, ó kàn ń sin àwọn yòókù lọ ni. Titus àti Dárẹ́kítọ̀ wà ní ọgbọọgba. Kí ni ìbá mú wọn yàtọ̀? Igi kan náà ni wọ́n ń mú láti àárọ̀, ibi tí kò dára kan náà ni bọ́ọ̀lù wọn jọ ń bọ́ sí. Ẹni tó bá ṣe dáadáa níbí yìí ló máa wọ inú àwọn mẹ́rin. Omi ló wà níwájú wọn, àsíá wà ní òdìkejì omi, ó sì na ìrù rẹ̀ sí wọn tààrà. Ojú wọn gan-an ni afẹ́fẹ́ ń bọ̀.

Dárẹ́kítọ̀ já koríko, ó sọ ọ́ sókè. Koríko padà wá kó sí i lójú.

“Kò fi bẹ́ẹ̀ sí afẹ́fẹ́,” ni Dárẹ́kítọ̀ wí, ó ń nujú.

“Kò tiẹ̀ sí rárá, sà,” ni Mùbárákù dáhùn. Fìlà rẹ̀ ti ń yí lọ nínú pápá.

“Méje.”

“Yauwa! Méje gan-an ni, ọ̀gá,” ni Màmúdù wí.

Dárẹ́kítọ̀ gbá a. Bọ́ọ̀lù gòkè, ó gòkè, ó dúró lókè bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe, ó sì já sínú omi, pòó.

“Kai! Ọ̀gá, ẹ gbá a dáadáa,” ni Màmúdù wí. “Omi yẹn ló fẹ̀ jù.”

Ó kan Titus. Ó ti fọwọ́ kan nọ́mbà méje. Ó wo téńté orí àwọn igi máńgòrò, wọ́n tẹ̀ bí ẹni tó ń kí ọba. Ó ronú kan ìbúra tó ṣe. Ó ronú kan Abaji. Inú bí i sí afẹ́fẹ́, inú bí i sí Dárẹ́kítọ̀, inú tún wá bí i sí ara rẹ̀ jù wọ́n lọ. Ó fi méje sílẹ̀, ó fa márùn-ún yọ.

“Titus.”

“Sà.”

“Kí lo mú yẹn?”

“Márùn-ún, sà.”

“Èmi tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì, mo mú méje. Ìwọ mú márùn-ún. Ṣé ara rẹ ò yá ni?”

“Ara mi yá, sà.”

Mùbárákù sún mọ́ ọn, ó sọ̀rọ̀ lábẹ́ èémí: “Ọ̀gá Titus, ẹ ro tilé. Ẹ ro tọmọ.”

Titus gbá a. Ó rọra gbá a, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin kúrò lára ọmọ tó ń sùn. Bọ́ọ̀lù kò fi bẹ́ẹ̀ gòkè. Ó gba abẹ́ afẹ́fẹ́ kọjá, ó ré omi kọjá, ó bà sẹ́bàá àsíá, ó sì dúró. Màmúdù la ẹnu, kò rí nǹkan kan sọ: bọ́ọ̀lù tó dára tòótọ́ kò sí nínú ohun tó ti múra sílẹ̀ fún.

“Afẹ́fẹ́ dúró,” ni Dárẹ́kítọ̀ wí níkẹyìn.

“Sà?”

“Nígbà tó o gbá a, afẹ́fẹ́ dúró. Mùbárákù, ṣé kò dúró?”

“Ó dúró gbọnin, sà,” ni Mùbárákù wí, ọwọ́ méjèèjì ló fi di gíláàsì ojú rẹ̀ mú kí ó má baà fò lọ.

Dárẹ́kítọ̀ wá fa márùn-ún tirẹ̀ náà yọ, ó kó gbogbo agbára ọgbọ̀n ọdún iṣẹ́ ìjọba lé e lórí. Bọ́ọ̀lù yí bírí-bírí lọ sókè ọ̀run, ó sì padà sínú omi. Ó parí. Titus ló borí.

Ó pe ilé láti ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ó sì kí ìyàwó rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kíni nílé wọn. “Okun o, Ìyá Hadassah! Mo ti wọlé!”

“Ẹ wọ ibo?”

“Inú àwọn mẹ́rin!”

Felicia figbe ta. Titus gbọ́ ohùn ọmọ wọn lẹ́yìn rẹ̀: “Mọ́mì, ṣé breeze ti travel ni?”

Lọ́jọ́ Ajé, Dárẹ́kítọ̀ ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì.

“Titus, o gbá a dáadáa. Jókòó. Ṣùgbọ́n a ò lè fi wàdùwàdù ṣe é. Afẹ́fẹ́ tó fẹ́ lu èmi yàtọ̀ sí èyí tó fẹ́ lu ìwọ. Bí àwọn iléeṣẹ́ míì bá gbọ́, wọ́n á ní a ṣe ojúsàájú. Mo ti gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti yẹ afẹ́fẹ́ ọjọ́ yẹn wò. Mùbárákù ni alága. Ìwọ ni akọ̀wé, torí pé o mọ tinú tòde ọ̀rọ̀ náà.”

“Ìdíje náà ńkọ́, sà? Sátidé tó ń bọ̀ yìí mà ni.”

“Èmi á ṣe adelé, títí ìgbìmọ̀ á fi jábọ̀.”

“Ìgbà wo la máa jábọ̀, sà?”

“Ẹ má kánjú rárá. Ẹ fara balẹ̀ ṣe é.”

Titus kò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà. Felicia, tó ti fi í rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò rẹ́rìn-ín. Ó bu omi fún un, ó jókòó tì í.

“Kí lẹ sọ fún un?”

“Mo ní, ‘Ẹ ṣé, sà.’”

“Bàbá Hadassah!”

“Kí ni kí n sọ?”

Felicia dìde, ó lọ gbé oúnjẹ náà pamọ́.

Sátidé tí àwọn yòókù wà lórí pápá, ìgbìmọ̀ jókòó. Títí oòrùn fi kan àtàrí, wọn kò tíì kúrò lórí ohun tí à ń pè ní afẹ́fẹ́. Ẹnì kan ní èyí tó bá gbé ewé nìkan ni kí wọ́n kà. Ẹlòmíì béèrè bóyá ti fáànù wà lára rẹ̀. Wọ́n fẹ́ dìbò lórí ti fáànù ni fóònù Titus bá dún.

“Titus!” Ohùn Dárẹ́kítọ̀ ni, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. “Omi wà níwájú mi níbí. Afẹ́fẹ́ ń bọ̀ lójú mi. Àwọn ọ̀gá àgbà ń wò mí. Ṣé méje ni àbí márùn-ún? Tètè dáhùn!”

Titus wo Mùbárákù. Mùbárákù yára wo àjà.

“Sà,” ni Titus wí, “ìgbìmọ̀ ò tíì jábọ̀.”

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ fùù nínú fóònù náà. Titus kò pa á. Ó rọra gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, ó sì ní kí alága jẹ́ kí wọ́n máa bá ti fáànù lọ.