Omi Ọṣẹ Nínú Bíréèkì Ọkọ̀ Pupa

Mo rántí bí ẹsẹ̀ ọ̀gá ará Èkó náà ṣe tẹ bíréèkì kanlẹ̀, tí ọkọ̀ pupa náà kò sì dúró. À ń sọ̀kalẹ̀ òkè lójú ọ̀nà Èsìẹ́. Ó tún un tẹ̀, ó tún kanlẹ̀. Kò wo ojú ọ̀nà mọ́, èmi ló ń wò. Èmi nìkan ni mo mọ ìdí rẹ̀.

Mẹkáníìkì ni mí ní Òmù-Àrán nígbà náà. Nígbà tí owó epo ṣì ń ṣàn, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa méjì ra ọkọ̀ Amẹ́ríkà kọ̀ọ̀kan wálé: ilẹ̀kùn méjì, imú gígùn, ẹ́ńjìnnì onípísítìn mẹ́jọ tó ń bú bíi kìnnìún. Pupa wà lọ́dọ̀ wa, búlúù wà ní Èsìẹ́. Nígbà tí nǹkan wá le, tí àwọn tó rà wọ́n sì ti kú, ọ̀gá kan tó máa ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ wá láti Èkó. Ó ní kí n fi méjèèjì wé ara wọn, kí n sọ èyí tí òun máa rà.

Òtítọ́ ibẹ̀ kò ṣòro. Pupa lágbára jù, ó sì wu ojú jù, ṣùgbọ́n abẹ́ igi máńgòrò ló ti ń sùn láti ọdún mẹ́rin, rọ́bà bíréèkì rẹ̀ sì ti jẹrà. Búlúù kò yára tó o, àmọ́ gbogbo Sátidé ni ìyá opó tó ni ín máa ń ní kí wọ́n wà á yí ìlú ká, kó má baà dípẹtà. Nígbà tí mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò, mo fi ìyá náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ̀ tiwọn ń rìn bí ìyàwó ọ̀sìngín. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ Òmù," wọ́n ní, "tèmi kì í pariwo, ṣùgbọ́n bí a bá ní kó dúró, á dúró."

Àwọn ará ìlú mi ti ń fi ọkọ̀ pupa yangàn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé èmi ni mo fi tiwa sílẹ̀ yan ti Èsìẹ́. Ọ́ìlì bíréèkì sì ti di ohun àwátì. Mo po omi ọṣẹ, mo dà á síbi ọ́ìlì bíréèkì ọkọ̀ pupa, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣe nígbà náà, mo sì sọ pé pupa ló dáa jù. Ọ̀gá ní kí n jókòó ti òun, ká fi dé Èsìẹ́, kí òun lè fi ẹnu ara òun sọ fún ìyá náà pé òun kò ra tiwọn. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n bí mo bá kọ̀, á fura. Mo wọlé.

Ọkọ̀ náà já wọ oko ẹ̀gẹ́, ó forí sọ igi. Apá mi yẹ̀, itan ọ̀gá kán, wọ́n sì gbé e lọ sí Ìlọrin. Fún oṣù mẹ́ta, ọkọ̀ yòówù tó bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, mo máa ń rò pé ọlọ́pàá ni. Àwọn ènìyàn ń kí mi kú ewu, mo ń dáhùn bí aláìṣẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá padà wá, ọ̀pá ló fi ń rìn, ọkọ̀ búlúù ni dírẹ́bà rẹ̀ sì fi gbé e wá. Ó jókòó sórí táyà kan.

"Mo gbóòórùn ọṣẹ lọ́jọ́ yẹn," ó ní.

Mo gbé sípánà tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀.

"Mo ti sọ fún ọlọ́pàá pé eré àsápajúdé ni mo sá, wọ́n sì ti pa fáìlì náà dé. Ẹni tó mọ̀ pé bíréèkì máa já kò ní jókòó tì mí. O ò mọ̀ ni."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó rò pé ọpẹ́ ni, ó ní kí n dìde. Mi ò tètè dìde, kó má baà rí ojú mi. Mo mọ̀. Mo ti mọ̀ kí n tó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ náà.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tèmi ti lé ní ogún ọdún, ọ̀gá náà sì ti kú. Kò sẹ́ni tó ń lé mi mọ́. Èmi fúnra mi ni mo dúró de òtítọ́ náà.