Bí A Ṣe Pa Ọrun Pápá Rọ́bátì Lẹ́nu Mọ́

Ọjọ́ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọrun Pápá Rọ́bátì jẹ́, Ọ̀gá mi kò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Ó lọ ra nọ́ọ̀tì tí a fi ń de irin lọ́nà CMS, ó sì ti kìlọ̀ fún mi kó tó jáde.

"Ṣadé, má fọwọ́ kan nǹkan yẹn o."

"Rárá o, sà."

Kò tíì yà ní ìkóríta tí mo ti gbé e sọ́wọ́.

Kì í ṣe irú ọrun tí àwọn baba wa ń gbé lọ sóko. Irin ni ibi ìdìmú rẹ̀, apá méjèèjì gbọọrọ, kẹ̀kẹ́ kékeré kọ̀ọ̀kan sì wà lórí apá kọ̀ọ̀kan, tí wáyà àti ọsán, ìyẹn okùn tí à ń fà, ń gba orí wọn kọjá. Mo fà á. Ó kọ́kọ́ le bí ẹni ń fa omi nínú kànga jíjìn, ṣùgbọ́n nígbà tó kọjá àárín, àwọn kẹ̀kẹ́ náà yí, ó sì fúyẹ́ lójijì, bí ẹni pé ẹnìkan bá mi gbé e. Ẹnu yà mí, ọwọ́ mi sì yọ̀. Kò sí ọfà lórí ọsán.

Ìró tó dún, àwọn tó ń ta aṣọ níwájú ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìdúmàgbò rò pé táyà ló bẹ́. Nígbà tí mo lajú, ọsán ti fò kúrò lórí kẹ̀kẹ́, wáyà ti lọ́ mọ́ra wọn, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ òkè ń yí lé lórí sì ti wọ́.

Ọ̀gá dé. Ó wò ó, ó wò mí, ó ṣí fìlà lórí, ó sì jókòó.

"Ìwọ lo fà á?"

"Ẹ forí jì mí, sà."

"Ṣé ọfà wà lórí ẹ̀?"

"Kò sí, sà."

Ó wá ní, "Èmi gan-an ò mọ̀ pé ohun tó máa ṣe nìyẹn. Èmi ni mo kàn fẹ́ kọ́kọ́ fà á."

Báyìí ni a ṣe kọ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ ọrun: ọfà ló máa ń gbé agbára lọ. Bí kò bá sí ọfà, gbogbo agbára náà á padà sára ọrun fúnra rẹ̀.

Ìparí àwọn ọdún ẹgbẹ̀rún kan àti ọgọ́rùn-ún mẹ́sàn-án ó lé ọgọ́rin ni. Mo ti ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ, mo ti Iléṣà wá, mo sì ti lo ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ṣóbánjọ, ará Ìjẹ̀bú-Igbó, tó ń tún máṣíìnì ìránṣọ àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí àwọn akọ̀wé ń lò ṣe. Àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gbà pé obìnrin ló máa tú máṣíìnì wọn. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá yín ńkọ́?" Ọ̀gá á dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Òun lẹ ń bá sọ̀rọ̀ yẹn."

Pápá Rọ́bátì kò béèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ ìdílé àwọn tó padà dé láti Sàró ni, ilé alájà méjì tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ́ sí Ìsàlẹ̀ Èkó ló ń gbé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Rèbẹ́kà. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ igbó Ẹ̀pẹ́ já. Níbẹ̀ ló ti kọ́ Táyọ̀, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ní ọdẹ ṣíṣe. Táyọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, ọdún mọ́kànlá kọjá, kò padà wá. Ọrun yìí ló fi rán ẹnìkan sí bàbá rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà pé òun ń bọ̀ ní Kérésì, àwọn á jọ lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Ìṣòro ibẹ̀ ni ariwo. "Bí mo bá ti tú u sílẹ̀," ni Pápá wí, "á dún gbàù. Ẹran á ti fò kí ọfà tó dé. Ẹ̀yin lẹ pa máṣíìnì ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu mọ́, ẹ bá mi pa èyí náà lẹ́nu mọ́. Mi ò fẹ́ kí Táyọ̀ wá bá mi tí mo ń lé ẹran káàkiri bí ẹni tí kò mọ ọdẹ."

Nígbà tí Pápá padà wá lọ́jọ́ kejì tí mo ba ọrun náà jẹ́, orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti sọ ohun tí mo ṣe fún un. Ó wo ọrun náà lórí tábìlì, kò bínú. Ìbá sàn kó bínú.

"Ọmọ ìyá mi," ó sọ fún Ọ̀gá, "láàárín ọdún mọ́kànlá, nǹkan kan ṣoṣo tí ọwọ́ ọmọ mi ti kàn tó wà nínú ilé mi nìyí. Ẹ jọ̀ọ́."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi tún un ṣe. A fi pákó kan férémù tí a fi ń tẹ apá méjèèjì wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ọsán lè padà sórí kẹ̀kẹ́. Ọ̀gá fi fáìlì ha irin tuntun fún kẹ̀kẹ́ òkè, láti ara ọ̀pá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àlòkù. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a ha á. Ó ní, "Ìwọ ti ṣe tìẹ."

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Etí Ọ̀gá ti ń di lọ, nítorí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ńlá nígbà èwe rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ariwo bí i tirẹ̀. Á fi ẹnu síkúrúdíráfà kan ara ọrun, á fi èékù rẹ̀ ti egungun àgbọ̀n rẹ̀, kí ohun tó ń gbọ̀n lè gba inú egungun dé etí rẹ̀, á wá ní kí n fi ìka ta ọsán díẹ̀. Ojú rẹ̀ á di bí ojú ẹni tó ń gbàdúrà.

"Má wá ariwo," ó máa ń sọ fún mi. "Wá ohun tó ń gbọ̀n. Ariwo, ọmọ rẹ̀ ni."

Inú àgbàlá Pápá la ti ń dán an wò. A fi àkísà kún àpò kan, a gbé e ti ògiri, Pápá á ta ọfà sí i. Àǹtí Rèbẹ́kà ni adájọ́. Á jókòó, á kọ ẹ̀yìn sí wa, á máa bó ẹ̀gúsí, á sì sọ ohun tó gbọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní, "Ta ló gbá ilẹ̀kùn yẹn?"

A tú gbogbo síkúrúù, a tún wọn dè. Mo fi kiútẹ́sì mi kan orí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà tú mọ́. Ọrun ọdẹ wá ní èékánná pupa, Pápá sì rẹ́rìn-ín títí. A fi ìda oyin pa ọsán. Ibi tí wáyà ti ń ha irin, a fi awọ bò ó. Ibi tí ọfà máa ń sinmi lé, mo gé aṣọ rírọ̀ tó nípọn tó máa ń wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí bí ọfà bá ń yọ̀ lórí irin, ṣíìn ni yóò máa dún.

Àǹtí Rèbẹ́kà ní, "Ó ti di ẹni tó ń sín."

Ọ̀gá ní kí Pápá lo ọfà tó wúwo. Ọfà tó bá fúyẹ́, ó ń sáré fi agbára sílẹ̀ lẹ́yìn ni. Èyí tó wúwo á kó púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Pápá kò kọ́kọ́ gbà, ó ní ọfà tó wúwo kò ní í yá. Ọ̀gá ní, "Èwo lẹ fẹ́, Pápá, kó yá àbí kí ẹran má gbọ́?"

Èyí tó kù ni ọsán fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí ọfà bá ti lọ, ó ṣì máa ń gbọ̀n, ó ń kùn bí oyin. Èmi ni mo rí ojútùú ìyẹn. Mo tú òwú sùẹ́tà mi àtijọ́ kan, mo gé e kéékèèké, mo so ó mọ́ ọsán lókè àti nísàlẹ̀, bí ìdì irun kékeré. Ọ̀gá fi síkúrúdíráfà rẹ̀ kan ọrun, ó gbọ́ ọ pẹ́.

"Ta ló kọ́ ẹ ní èyí?"

"Kò sí, sà. Mo rò ó ni."

Lọ́jọ́ náà, òun ló ra ẹ̀bà fún mi.

Ní àgbàlá, Pápá fà á, ó tú u sílẹ̀. Àǹtí Rèbẹ́kà ń bó ẹ̀gúsí lọ. A dúró. Nígbà tó pẹ́, ó bínú, ó ní, "Ẹ ò ní í ta á ni? Ọbẹ̀ ń dúró dè mí o!" Ọfà ti wọ inú àpò náà dé ìdajì.

Táyọ̀ kò wá ní Kérésì yẹn. Ìwé tó máa jẹ́ kó lè padà wọlé sí Amẹ́ríkà kò tíì jáde. Pápá ka lẹ́tà náà fún wa ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì ká a padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nínú oṣù kejì, òun nìkan lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó mú itan ẹtu kan wá fún wa.

"Kò gbọ́," ó wí. "Ọfà wọ inú rẹ̀, ó ṣì ń jẹ koríko. Mo yíjú pé kí n sọ fún Táyọ̀." Ó dìde, ó ní òun fẹ́ kọjá ní Tinúbú kí oòrùn tó mú.

Ọdún ń gorí ọdún. Etí Ọ̀gá di pátápátá, ó fi ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́, ó padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó. A sin Àǹtí Rèbẹ́kà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun wọlé pẹ̀lú àpótí ọrun lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin ni Ṣadé? Èmi ni Táyọ̀."

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Ó ní èjìká Pápá kò lè fa ọrun náà mọ́, àárọ̀ ọjọ́ náà ló gbìyànjú rẹ̀, tó rò pé òun kò rí i. "Ṣé ẹ lè dín líle rẹ̀ kù? Kó lè fà á lẹ́ẹ̀kan péré."

Ó ṣeé ṣe. Síkúrúù ńlá méjì ló di apá ọrun mú. Bí a bá dẹ wọ́n ní ìwọ̀n kan náà, ọrun á fúyẹ́. Mo dẹ wọ́n. Ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n ariwo padà dé, nítorí gbogbo ohun tí a ti tò ti sún kúrò ní àyè rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a, láìsí ẹni tí mo lè bi. Mo sún àwọn òwú kúrò níbi tí wọ́n wà, mo yí awọ padà, mo rí i pé kẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀ ti fi bí ìbú èékánná sáré ju tòkè lọ. Nígbà tí mo tún un tò, ó dákẹ́.

Pápá fà á ní àgbàlá yẹn, ọmọ rẹ̀ dúró tì í. Ó fà á dé òpin. Ó ta á lẹ́ẹ̀kan, ó ta á lẹ́ẹ̀kejì, ó wá gbé e fún Táyọ̀. Bí mo ṣe jáde, kò sí ẹni tó mọ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọ̀gá jókòó níwájú ilé. Nítorí kò gbọ́ràn mọ́, mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ojú ewé mẹ́rin. Ó kà á jẹ́jẹ́. Ó padà sí ojú ewé kẹta, ibi tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀ sí, ó tún un kà.

"Èmi kì bá tí rí ìyẹn," ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sókè bí ti àwọn adití.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Sùn dọ̀la."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé oníbàárà kan ń dúró dè mí ní àárọ̀ Mọ́ńdè, mo ní láti ti Sọ́ńdè múra iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó kà á, ó mi orí, ó sì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Kò pé oṣù méjì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi pé Ọ̀gá ti dágbére fáyé.

Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí. Nígbà mìíràn mo máa ń jókòó, mo máa ń gbìyànjú láti rántí oníbàárà ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn, irú máṣíìnì tó gbé wá, ohun tó ṣe é. Mi ò rántí nǹkan kan.